Rọ́bà Kọ́sítáàdì Tó Pòórá Nílé Ìdáná Mi

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ké e sókè kí wọ́n gbọ́ ọ dé Nyanya: ògo ni fún Ọlọ́run! Halelúyà! Ẹ ṣe é o. Ẹni tó bá ní apá méjì, kó na méjèèjì sókè. Èmi náà á na tèmi, ti òsì á dé ibi tó bá lè dé, nítorí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti fọ̀bẹ gé mi. Ẹ wò ó, ó ti kọjá èjìká! Lóṣù tó kọjá, apá yìí ò lè gbé ṣíbí. Olúwa, mo dúpẹ́!

Ìyá Bùkọ́lá lorúkọ tí gbogbo yín mọ̀ mí sí. Àwọn tó sún mọ́ mi mọ̀ pé Jikwoyi là ń gbé, pé mínísírì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àti pé bí ẹ bá fún mi lómi mu, mo máa kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ife. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń lo oògùn yẹn láti kékeré. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ lónìí, ọpẹ́ wà nínú rẹ̀, ìjẹ́wọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún wà nínú ilé yìí. Ẹ má tíì bojú wẹ̀yìn!

Mo ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ni ọwọ́ mi kan kókó kan nínú ọyàn òsì. Ó le bí ẹ̀kùrọ́. Mo kọ́kọ́ fura sí ọṣẹ. Mo fura sí kọ́ńsẹ̀tì tuntun tí mo rà. Nígbà tí kókó náà ò lọ, mo gbé ara mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan, ọmọ Ìlọrin, ló yẹ̀ mí wò. Lẹ́yìn tí èsì jáde, ó fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ mi.

Ó ní, "Mà, jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tètè wá. A máa gé ọyàn yẹn kúrò, lẹ́yìn náà a máa fi oògùn lé èyí tó bá kù lára."

Mo ní, "Dókítà, ṣé ó dá yín lójú pé ìwé mi lẹ kà?"

Ó ní, "Ìwé yín ni, mà."

Ẹ̀yin ará, mo sunkún. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi dé Karu, ẹni tó jókòó tì mí ń fi èdè Hausa kí mi pẹ̀lẹ́ pé, "Sànnu, Màmá, sànnu." N ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ọlọ́run á san án fún un.

Ọkọ mi ní òun ti pe ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, pé yóò ti Ọ̀yọ́ wá tọ́jú mi. Níbẹ̀ ni àyà mi ti já. Kì í ṣe pé Ẹ̀gbọ́n burú. Télọ̀ ni wọ́n, jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n máa ń lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a sọ Bùkọ́lá lórúkọ, níṣojú mi ni wọ́n ti sọ pé obìnrin dára, àmọ́ ta ni yóò jẹ́ orúkọ bàbá wọn? Bùkọ́lá nìkan náà ni Ọlọ́run ṣì fún wa. Láti ọjọ́ yẹn, bí Ẹ̀gbọ́n bá ti wá, ojú kan ni mo fi ń sùn. Mo wá ń bi ara mi pé, àìsàn tó mú mi yìí, ṣé ó dùn wọ́n ni tàbí ó dùn mọ́ wọn?

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo wọlé, mo sì jáde láàyè! Ẹ bá mi dúpẹ́! Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti fi báńdéèjì di àyà mi, rọ́bà tín-ínrín kan ń fa omi jáde ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ọkọ mi wà lápá ọ̀tún, Ẹ̀gbọ́n wà lápá òsì.

Mo ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ọyàn mi dà? Níbo ni wọ́n gbé e sí?"

Ó wo ògiri. Ó ní, "Àwọn dókítà ló mọ̀."

Mo yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wolẹ̀. Ẹ̀yin ará, ojú lọ̀rọ̀ wà! Mo ní nínú ara mi pé wọ́n ti ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, tí mo délé, mo wọ ilé ìdáná. Mo ní rọ́bà kọ́sítáàdì ńlá kan tó ní ọmọrí pupa, ẹ̀gúsí ni mò ń kó sí i. Rọ́bà ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti da ẹ̀gúsí mi sínú ọ̀rá.

Mo béèrè. Ẹ̀gbọ́n ní, "Èmi ni, Ìyàwó. Mo fi rọ́bà yẹn ṣe nǹkan ni."

"Kí lẹ fi ṣe, mà?"

"Nǹkan ni."

Nǹkan ni! Ẹ̀yin ará, nǹkan ni!

Lọ́jọ́ kejì ni Ìyá Ìbejì, ará ilé wa tó máa ń lọ ra ọsàn ní Zuba, wá kí mi. Ó fi ọsàn sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "N ò sọ nǹkan kan o, ojú mi ló rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yín, mò ń bọ̀ wá wò yín, mo bá Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Rọ́bà kọ́sítáàdì ni wọ́n gbé, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e. Mo kí wọn, wọ́n fi ìró bò ó. Wọ́n wọ takisí, wọ́n lọ."

Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìròyìn. Ẹ mọ ohun tí àwọn kan ń fi ẹ̀yà ara ṣe lóde òní. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Gbogbo òwe tí mo mọ̀ ló ń wá sí mi lẹ́nu, kò sì sí ọ̀kan tó dá Ẹ̀gbọ́n láre.

N ò jẹ oúnjẹ wọn mọ́. Ọbẹ̀ ẹja tútù tí wọ́n bá fi ata sè, tó ń ta sánsán, bí wọ́n bá ti gbé e fún mi tí wọ́n jáde, mo dà á gba ojú fèrèsé. Ológbò àwọn ará ilé kejì sanra débi pé kò lè fo ògiri mọ́. Èmi ń gbẹ. Ẹ̀gbọ́n á wo àwo, wọ́n á wò mí, wọ́n á gbé àwo lọ fọ̀. Mo tún wá fọ kọ́ńsẹ̀tì méjì, mo sá wọn, ọ̀kan pòórá. Nígbà tó yá, mo rí okùn rẹ̀ tó yọ lẹ́nu báàgì Ẹ̀gbọ́n. Ẹ rántí ìsọjí ọjọ́ Ẹtì tí mo ń lọgun pé, "Padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán ọ!" Ọ̀yọ́ ni mo dojú àdúrà yẹn kọ! Ẹ̀gbọ́n ló sì dúró tì mí, tí wọ́n ń di mí mú kí n má ṣubú. Wọ́n ń ṣe Àmín. Àmín tiwọn tilẹ̀ lágbára ju tèmi lọ.

Ọjọ́ tí mo máa padà lọ rí dókítà wá pé. Ó wo ojú egbò, ó ní ó ti jiná dáadáa. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn.

Ó ní, "Mà, ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀. Ṣé ẹ ń jẹun? Nǹkan mìíràn tún ni pé èsì àyẹ̀wò ọyàn tí a gé ò tíì dé. Èsì yẹn ló máa sọ oògùn tó bá tiyín mu. Láìsí i, òkúta inú òkùnkùn là ń jù. A ti béèrè níbi àyẹ̀wò, wọ́n ní àwọn ò gba nǹkan kan lórúkọ Mojísọ́lá Àkànní. Kò sì yẹ ká pẹ́ jù báyìí lọ."

Mo ní, "Ta lẹ gbé e fún?"

Ó ní, "Àwọn ẹbí yín. Kì í ṣe ibí la ti ń ṣe àyẹ̀wò yẹn, àwọn ẹbí aláìsàn ló máa ń gbé e lọ sí àárín ìgboro."

Ẹ̀yin ará! N ò mọ bí mo ṣe délé. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Mo bá tọkọ àtẹ̀gbọ́n ní pálọ̀. N ò jókòó.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ gbé ọyàn mi lọ? Ta lẹ tà á fún?"

Ọkọ mi fò dìde. "Ìyá Bùkọ́lá! Ṣé orí rẹ pé?"

Ẹ̀gbọ́n ò bínú. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé Bíbélì wọn jáde, wọ́n fa ìwé pélébé kan yọ nínú rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, jókòó. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ní ká mú nǹkan ọlọ́mọrí wá. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ojú ọkọ rẹ ṣú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ni mo gbé e. Mo gbé e lé itan nínú takisí, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹní gbọ́mọ. Mo ní, 'Ìwọ lo bọ́ Bùkọ́lá. Jọ̀ọ́, má pa ìyá rẹ̀.' Ọkọ rẹ ní kí n má sọ fún ọ, pé ọkàn rẹ ò ní gbà á. Èmi náà rò ó pé ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ yẹn, kí ojú tìrẹ má rí i."

Mo wo ọkọ mi. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Rìsíìtì ibi àyẹ̀wò ni. Níbi tó yẹ kí orúkọ aláìsàn wà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ÌYÁ BÙKỌ́LÁ.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọkọ̀ já sí kòtò, omi oògùn tí wọ́n rẹ ẹ́ sí dà sórí ìwé tí dókítà kọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ò rí orúkọ kà, ó ní kí n pè é. Mo pè é. Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní dókítà ló máa wá gbà á, mo sì rò pé ó ti wá gbà á."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ orúkọ mi ni?"

Wọ́n ní, "Ìyàwó ni mò ń pè ọ́ kó o tó bímọ. Bó o ti bímọ, o di Ìyá Bùkọ́lá. Èwo ló tún kù?"

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nílé ọkọ. Kò sẹ́ni tó ń pe Mojísọ́lá níbẹ̀, ọkọ mi pàápàá kì í pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Ẹ̀gbọ́n di ibi àyẹ̀wò. Akọ̀wé náà, ọmọ Hausa kan, wo rìsíìtì, ó pariwo. "Kai! Ìyá Bùkọ́lá! Èsì yín ti wà nínú dúrọ́à yìí látọjọ́ yìí. Ilé ìwòsàn ń béèrè Mojísọ́lá, a ò ní Mojísọ́lá. A ní Ìyá Bùkọ́lá, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀." Wọ́n ti sá ìwé tó rin gbingbin náà gbẹ, nọ́ḿbà káàdì ilé ìwòsàn mi ṣì hàn nísàlẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ mí: mo fi nọ́ḿbà náà wé ti káàdì mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà pé tèmi ni.

Dókítà ka èsì náà, ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀bá ibi tí a gé mọ́ tónítóní. Díẹ̀ ti dé abíyá, ìyẹn la ṣe máa lo oògùn. Irú tó ń gbọ́ oògùn ni tiyín, mà. Ẹ ò tíì pẹ́ jù."

Ẹ ò tíì pẹ́ jù! Halelúyà! Ẹ bá mi tún un ké! Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìfura mi pa mí, mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́!

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ẹja. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣé n ò rí ológbò ni? Mo kàn ń sè é lójoojúmọ́ ni, mo ní ọjọ́ kan wàá jẹ ẹ́." Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ń sunkún sínú rẹ̀. Wọ́n tún wá mú kọ́ńsẹ̀tì mi yọ nínú báàgì. Òwú ni wọ́n kì sí apá òsì rẹ̀, wọ́n rán an roboto. Òun ni mo wọ̀ wá lónìí. Ẹ má wò mí láyà o! Pásítọ̀, ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ mi ò tíì tán. Lọ́jọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí mi ní iṣan, èyí tí wọ́n ń pè ní kẹ́mò. Wọ́n ní irun mi máa re. Kó re! Ẹ máa gbàdúrà fún mi. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ọwọ́ yín bá kan kókó, ẹ má bá ọṣẹ jà, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti máa yẹ̀ yín wò. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìṣòro, tí ẹ ń fura sí ẹni tó ń tọ́jú yín, ẹ la ẹnu kí ẹ béèrè. Ká ní mo béèrè dé ìdí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní láìfi ìjà kún un, èsì yẹn ì bá ti jáde tipẹ́. Olúwa tó ṣe é fún èmi onífura, á ṣe é fún yín.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ìwé kẹ́mò, nọ́ọ̀sì ní kí n kọ orúkọ ẹni tí àwọn máa pè bí nǹkan kan bá ṣe mí. Mo gbé bírò, mo kọ "Ẹ̀gbọ́n", ọwọ́ mi dúró. Ẹ̀yin ará, èmi náà ò mọ orúkọ wọn! Mo yíjú sí wọn, mo béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí, mo sì kọ ọ́ pé pérépéré. Nísinsìnyí, bí a bá dé ojú wíńdò kankan, kí wọ́n tó béèrè, Ẹ̀gbọ́n á ti na ọrùn: "Mojísọ́lá Àkànní ni o!" Wọ́n á sọ ọ́ ketekete, gbogbo èèyàn á bojú wẹ̀yìn.

Ó yá, ẹ lè bojú wẹ̀yìn báyìí. Àwọn ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn, tí wọ́n fi gèlè bojú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí. Orúkọ yín wà nínú fáìlì mi. N ò ní pè é níbí, nítorí ìyàwó ni mí.