Èèkàn Tí Mo Fà Sẹ́yìn

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí wa ní Ìlobù. Jàlálù, sún mọ́ mi, torí tìẹ gan-an ni mo ṣe ránṣẹ́ sí Ìfọ́n. Oògùn dókítà Òṣogbo ò ràn mí mọ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Òní ni yóò jáde.

Ọdún mẹ́rin rè é tí a fẹ́ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí wáàsí ààwẹ̀ lè máa dé gbogbo ilé. Màmá mi, Rísíkátù, ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn wá sí mọ́ṣáláṣí mọ́, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn gbọ́ wáàsí lórí ẹní lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó lọ. Ẹ̀rọ mẹ́ta dé: ọ̀kan láti Ìbàdàn, ọ̀kan láti Òṣogbo, Jàlálù sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ìkẹta. Èmi Hàmídù, ọlọ́gbọ́n ayé, ni mo ní ká má fi ẹnu yàn án, ká wọ̀n ọ́n. Bí àáfà bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ kan, èmi á máa rìn lọ lọ́nà Ìfọ́n. Ibi tí ohùn bá pin sí, mo kan èèkàn mọ́lẹ̀. Èyí tí èèkàn rẹ̀ bá jìnnà jù ló gba ipò kìíní. Màmá mi ní, "Hàmídù, ibi tí ohùn dé nìkan lo fẹ́ wọ̀n? Ohun tó ń sọ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ò yé wọn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ti Òṣogbo lọ jìnnà jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé afárá, hùùù lásán ló kù nínú rẹ̀, n kò mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mo ṣáà ń rìn, mo kan èèkàn síbi tí hùùù náà pin sí. Ti Jàlálù já gaara títí dé ìdí èèkàn rẹ̀, àfi bí ẹni pé àáfà ń bá mi rìn lọ. Ipò kejì ló wà, ẹgbẹ́ sì ti ní a óò tún jókòó tẹ́tí sí ẹ̀rọ ipò kìíní àti ìkejì kí a tó rà. Mo mọ̀ pé bí etí àwọn àgbà bá lè gbọ́ ọ báyìí, tirẹ̀ ni wọn óò mú. Ìdílé Jàlálù là ń bá fa ààlà oko bàbá mi. Mo ní ọmọ Ìfọ́n kan ò ní máa fi ẹ̀rọ pe Ìlobù kírun lójú mi. Mo wọ̀tún, mo wòsì, mo fa èèkàn rẹ̀ tu, mo gbé e padà sẹ́yìn ti Ìbàdàn. Ọwọ́ yìí ni mo fi kàn án.

Jàlálù wò mí lójú níwájú gbogbo yín, ó ní, "Ìwọ lo rin ọ̀nà náà. Kí ni o gbọ́?"

Mo ní, "Èèkàn ni kí o bi."

Ẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó di ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó lọ, kò sì to òmíràn mọ́ láti ọjọ́ náà. Oko ló ń ro.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ni ìkà mi mọ? Ó kù. Nínú mọ́ṣáláṣí la ti tẹ́tí sí ti Òṣogbo àti ti Ìbàdàn, ti Òṣogbo la sì rà. Ààwẹ̀ dé, hùùù rẹ̀ bo ìlú. Màmá mi á gbé orí sókè lórí ẹní, wọ́n á bi mí pé kí ni àáfà ń sọ. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àṣírí mi tú nìyẹn. Ni mo bá ń hun wáàsí láti inú ara mi fún wọn lójoojúmọ́, wọ́n sì ń ṣe àmín. Ìyá tó bí mi! Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ṣé àáfà mẹ́nu kan ẹni tó rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ?" Títí dòní n kò mọ̀ bóyá wọ́n fura. Mo ní rárá, àáfà ò mẹ́nu kàn án. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwọ̀n ò burú; ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ bi ẹni tó wọ̀n ọ́n léèrè ohun tó fi sílẹ̀ láìwọ̀n. Jàlálù, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o ò bá lè ṣe é, n kò ní bínú. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ṣì wà ní àjà rẹ. Jọ̀wọ́, gbé e wá lọ́jọ́ àdúà òkú mi. Kí wọ́n kọjú rẹ̀ síbi tí màmá mi sùn sí, kí àáfà sì tinú rẹ̀ sọ fún wọn ohun tí mo ṣe.