Ìran Tí Mo Rí Nípa Àwọn Tó Ń Fi Fóònù Gba Àdúrà Èké

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fi etí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi kò dùn, mi ò sì ní bu oyin sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo na ẹ̀yìn lórí ẹní nínú ilé ìjọsìn yìí, ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Bọ̀sẹ̀ jókòó tì mí. Inú ń bí mi. Ọkùnrin kan ti pè é láàárọ̀, ó ní àwọn tó ń tún fóònù ṣe ni àwọn, pé kòkòrò ti wọ fóònù rẹ̀, pé gbogbo ohun inú rẹ̀ yóò parẹ́ àfi tó bá ka nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i fún òun, pé òun yóò tún pè lọ́sàn-án láti gbà á. Inú fóònù yẹn sì ni ohùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tí wọ́n gbà sílẹ̀, wà.

Mo ní kó má dá a lóhùn tó bá tún pè. Ó ní, "Àbúrò mi, ọmọ yẹn gbàdúrà fún mi kó tó sọ̀rọ̀, mo sì ti ṣe àmín. Ṣé ẹni tó gbàdúrà fún èèyàn la ó pa fóònù mọ́ létí?"

Oorun gbé mi lọ. Ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Dìde, wá wo ibi tí wọ́n ń lọ."

Ó mú mi dé pápá kan, iná ń jó lábẹ́ ilẹ̀, mo rí àwọn tó ń fi àdúrà èké tan èèyàn lórí fóònù, wọ́n pọ̀ bí eéṣú, fóònù tó pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ lẹ̀ mọ́ etí kálukú, ó ń dún, ó ń dún, wọ́n ń fà á, ẹran etí ń bá a wá, bí wọ́n bá sì gbé e, ohùn àwọn àgbà tí wọ́n tàn ni wọ́n ń gbọ́: "Ọmọ mi, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" Wọ́n ń ké àdúrà, "Mọ́mì, ẹ ó pẹ́, Dádì, ẹ ó jèrè," kò sí ẹni tó ṣe àmín.

Àánú wọn kò ṣe mí. Mo ní kí iná náà jó wọn dáadáa. Olùtọ́nà mi wò mí, kò bá mi wí. Ó ní, "Àdúrà ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn onílé. Òṣìṣẹ́ tòótọ́ kì í dédé pe èèyàn pé fóònù rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí, kì í sì í kán èèyàn lójú."

A gun òkè kan tó tutù. Bàbá àgbà kan ń sinmi lábẹ́ igi. Mo béèrè ohun tó ṣe tó fi dé ibi ìsinmi yìí. Olùtọ́nà ní, "Wọ́n tàn án rí. Kò jẹ́ kí ìtìjú dí i lẹ́nu, ó sọ fún gbogbo àdúgbò, wọn ò sì rí ẹlòmíràn tàn níbẹ̀ mọ́."

Fóònù kan dún lórí òkè yẹn. Olùtọ́nà ní, "Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Sáré."

Mo ta gìrì jí. Fóònù ń dún lọ́wọ́ Ìyá Bọ̀sẹ̀ lóòótọ́. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo sọ gbogbo ohun tí mo rí, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu mi. Ìpè náà dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e. Ọkùnrin náà ní, "Mọ́mì mi, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ o." Ó ń retí àmín. Ẹ̀gbọ́n mi ti la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọkùnrin náà gba àdúrà mìíràn, ohùn rẹ̀ ti ń le. Ẹ̀gbọ́n mi pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ẹ̀yin ará, bí àlejò bá pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ gé e, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ bá ẹni tó ń bá yín tún fóònù ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo àdúgbò.

Kí a tó kúrò níbí lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá gbọ́ ohùn ọkọ òun. Àdúrà ni olóògbé náà ń gbà fún un nínú fóònù. Èyí ló ṣe àmín sí.