Bí Wọ́n Bá Tún Pè Wá Padà

Lórí ìlà tí a tò láti pọn omi ní Fẹ́sítáàkì ni mo ti gbọ́ ọ, láti ẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú pé kó lọ sáré fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì.

"Dádì, mi ò lọ mọ́. Bí wọ́n bá tún pè wá padà bí wọ́n ṣe pe ẹ̀yin eléré padà láti Òlíḿpíìkì lọ́dún 1976 ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì wọn síwájú. "Àwọn aláwọ̀ funfun ń fìyà jẹ àwọn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà nígbà yẹn. Áfíríkà ní a ò ní bá orílẹ̀-èdè tó lọ bá àwọn aninilára yẹn ṣeré sáré. Nígbà láéláé, ní ilẹ̀ Gíríìkì tí eré yìí ti ṣẹ̀, wọ́n á so ogun rọ̀ kí àwọn eléré lè rọ́nà kọjá. Tiwa, eré la so rọ̀."

"Àwọn obìnrin wọn ńkọ́?"

"Abilékọ kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀, ká má tíì sọ pé yóò sáré."

"Ẹ ò rí i! Ẹ̀yin ọkùnrin yìí!"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màmá mi ti pa àgbò ìdúpẹ́ kí n tó lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n ní ta ló borí mi. Mo ní kò sẹ́ni tó borí mi. Wọ́n ní, 'Ta wá ni ìwọ borí?'"

Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò létí mi.

"Kí lẹ sọ?"

"Mo gbé báàgì mi wọlé."

"Ẹ wá fẹ́ kó ṣe èmi náà?"

"Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà, padà, ó nídìí. Àmọ́ lọ ná. Èmi ò dé orí pápá yẹn rárá. Kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú bọ̀ wálé, ṣáà fẹsẹ̀ tẹ pápá náà."