Orúkọ Mi Wà Nínú Ìwé Tí Mo Kọ fún Déjì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ti di eegun ẹja sí mi lọ́fun, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu jáde. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ebi ti nà mí, ọlọ́pàá ti nà mí, mo ti sùn sábẹ́ afárá. Kò sí èyí tó dùn mí tó ohun tí Déjì ṣe sí mi.

Nígbà tí mò ń ru ẹrù létí omi Okrika, lápá ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sínú nóòtù kan: bí wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí omi máa fà, bí epo tó dà sódò ṣe lé ẹja lọ. Déjì, ọmọ Iléṣà bíi tèmi, wà ní yunifásítì nígbà náà, inú yàrá mi ní Amadi-Ama ló ń gbé. Pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò yọrí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bọ̀ọ̀dá, abeg, ẹ bá mi kọ ọ́. Ibi tí mo bá dé, ẹ̀yin náà ti débẹ̀ nìyẹn." Ó sanwó, èmi náà gbà á, mo kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Wọ́n ní kó fọ̀rọ̀ wá ènìyàn mẹ́wàá lẹ́nu wò. Mẹ́sàn-án ni mo ní nínú nóòtù. Kí ni mo ṣe? Mo fi ara mi ṣe ìkẹwàá. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọ́ pé alábàárù ni mí. Mo tún bá a kọ ojú ewé ìdúpẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wo orí mi!

Ọdún gorí ọdún. Déjì di Dókítà tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó kó lọ sí Woji níbi táwọn olówó ń gbé, a ò ríra mọ́. Èmi náà wá ní kí n má kú láìní ìwé ẹ̀rí. Mo forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì ọjọ́ Sátidé ní yunifásítì kan náà, mo jókòó láàárín àwọn tó ń pè mí ní Papa. Nígbà tó kan pírójẹ́ẹ̀tì, mo fa nóòtù mi yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi kọ ọ́. Ṣé tèmi kọ́ ni?

Ọjọ́ tí wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ pírójẹ́ẹ̀tì wò, Déjì ni mo bá lórí àga. Olùkọ́ kan ní ìwé mi jọ ti Dókítà jù. Mo wo Déjì, mo ní ó máa gbà mí sílẹ̀. Ó rọra ṣí ìwé tirẹ̀, ó fọwọ́ lé orúkọ mi, ó wá fi òyìnbó sọ pé òun rántí Papa dáadáa: ara àwọn tí òun fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni, ó ní láti jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ òun jí.

Bí mo bá ní èmi ni mo kọ ọ́, mo ti jẹ́wọ́ pé mò ń kọ̀wé fún olówó. Bí mo bá dákẹ́, olè ni mí. Mo dákẹ́. Wọ́n lé mi.

Déjì bá mi níta, Yorùbá wá padà sí i lẹ́nu. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ."

Nóòtù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá gbé e lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àwa méjèèjì la jọ máa rì. Ṣé kí n gbé e lọ, àbí kí n sọ ọ́ sódò Okrika? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì fún ọmọ olówó lónìí, ẹ gbọ́ tẹnu mi: ẹni tó ta orí rẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi fìlà ṣe?