Páálí Oògùn Tí Kò Sí Níbẹ̀ Rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi kí ẹ tó kà á tán. Mo ba orúkọ obìnrin kan jẹ́ ní Benin, mo mọ̀, mo sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ń sọ̀rọ̀ báyìí nítorí pé mo ti rí ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn sí, inú mi sì ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi tì mí mọ́.

Mo kọ́ ara mi ní Java, èdè kan tí a fi ń kọ prógíráàmù, ní ilé kọ̀ǹpútà kan ní Uselu, ní Benin níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ní nǹkan bí ọdún 2008, ọ̀gá mi, ọmọ Ẹdó, gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni kan. Èmi ni mo kọ prógíráàmù tó ń ṣírò oògùn inú yàrá oògùn wọn. Màmá Dérìn, ará Ọ̀ṣun tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà ní Iyaro, ló ń tọ́jú yàrá náà.

Ọ̀nà méjì la fi ń dán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. O lè gbé e sínú sáfà gan-an, ìyẹn server, ibi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́. Sáfà wa ń lọ́ra láti jí, bí iná bá sì lọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀. O sì lè lo àfarawé, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní mock: o máa kọ ohun kékeré kan tó ń ṣe bíi sáfà, o máa kọ́ ọ ní èsì tí yóò máa fún ọ, ìdánwò á sì parí kí o tó ṣẹ́jú. Àfarawé kò burú, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó burú ni pé òun nìkan ni mo lò.

Ọ̀gá bi mí pé, "Wálé, you don test am inside server?"

Mo ní, "Yes, sir."

"No be that your magomago one?"

"Inside server, sir."

Irọ́ ni mo pa.

Bí oògùn bá dé, prógíráàmù mi á kọ́kọ́ fi kún iye tó wà nílẹ̀, kó tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti bàjẹ́. Bí ó bá ti bàjẹ́, a ó dá páálí náà padà fún ẹni tó gbé e wá, ó sì yẹ kí iye yẹn kúrò. Mo rò pé sáfà yóò yọ ọ́ fúnra rẹ̀, mo sì kọ́ àfarawé mi pé kó yọ ọ́. Ó yọ ọ́ lóòótọ́. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, èmi náà ni mo ń yọ̀ pé ó sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti kéde irú àṣìṣe kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú prógíráàmù, bí èmi ṣe kéde "oògùn ti bàjẹ́", sáfà gidi kò ní tìtorí rẹ̀ yọ iye tó ti kọ sílẹ̀ kúrò, àfi bí o bá pàṣẹ fún un.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka páálí tí kò sí lórí pẹpẹ nìyẹn. Àwọn ará ilé ìwòsàn ní Màmá Dérìn ló ń jí wọn tà ní ọjà Oliha. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò nínú sáfà. Mo rí àṣìṣe náà. Mo tún un ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Iye wá bára mu, wọ́n sì ń sọ ní ìjọ pé, "Ẹ ò rí i? Ó lọ tán, oògùn ò sọnù mọ́." Mo gbọ́, mo ṣe àmín àdúrà, mo lọ sílé.

Láìpẹ́ yìí ni mo rí irinṣẹ́ tuntun kan tó ń gbé ìdánwò wọ inú sáfà gidi kíákíá. Mo gbé prógíráàmù àtijọ́ náà sí i, bó ṣe wà kí n tó tún un ṣe. Ẹ wo ẹwà! Àfarawé tan àwọ̀ ewé, pé iṣẹ́ yege; sáfà gidi tan pupa, pé ó kùnà, lórí iṣẹ́ kan náà. Mo pe Màmá Dérìn, a jọ lọ bá dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà, mo sì ṣe é lójú wọn.

Dókítà dìde. "Madam, I am sorry. Come back to your work."

Màmá yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ló ń wò. "Wálé, nǹkan pupa yìí ni mo ń tìtorí ẹ̀ sunkún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ó rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. "Màá dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé dókítà nìkan ló pè mí lólè? Àwọn tí kì í jókòó tì mí ní Iyaro ńkọ́? Ta ni yóò lọ bá wọn?"

Mo ní èmi ni. Ṣùgbọ́n n kò mọ gbogbo ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti gbà kọjá. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ nígbà yẹn pé Màmá Dérìn jí oògùn, ẹ padà lọ bá ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún. Ẹ sọ fún un pé kò sí páálí kankan tó sọnù. Ẹ sọ fún un pé Wálé ló parọ́.