Ta Ló Ń Tú Nọ́ọ̀tì Alùpùpù Mi?

Ẹ má bu omi fún mi, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mu omi, mi ò sì jókòó, ìdúró ni mo máa fi sọ ọ́, torí tí mo bá jókòó inú mi á rọ̀, mi ò sì fẹ́ kí inú mi rọ̀ lónìí. Ẹjọ́ ni mo gbé wá. Ẹ̀yin lẹ tọ́ wa lẹ́yìn ikú ìyá wa, ẹ̀yin náà lẹ máa dá a. Àbúrò wa, onígbàjámọ̀ yẹn, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, òun ló ń ba alùpùpù mi jẹ́. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi ń bà á jẹ́, táá tún wá dúró tì mí, táá máa mi orí, táá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí nǹkan yìí ò fẹ́ ṣiṣẹ́ ná?"

Ẹ ní kí n rọra. Mo ń rọra. Ẹ ò tíì rí ibi tí mi ò ti rọra.

Ṣebí ẹ mọ Ẹfọ̀n? Ta ni ò mọ̀ ọ́n nínú ẹbí yìí, alùpùpù ńlá tó ní àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti dígí níwájú tó ń gba afẹ́fẹ́, tí ìjókòó ẹ̀ fẹ̀ tó àga pálọ̀, tí mo gùn títí dé etí òkun kí n tó fẹ́ ìyàwó yín. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìnkùlé, tí eku ń bímọ sínú àpótí ẹ̀. Nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo ní ogójì ọdún ni mo fi tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe, ẹ jẹ́ n tún tèmi náà ṣe wàyí, kí n tún gùn ún lọ etí òkun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tú u palẹ̀ pátápátá. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ni mo kó sínú agolo mílíìkì, mo sì lẹ ìwé mọ́ agolo kọ̀ọ̀kan lára. Mo fi abọ́ tí ìyàwó yín fi ń po ìyẹ̀fun fọ kabúrétọ̀, ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn sì tọ́ sí mi, mi ò jiyàn.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín kí ẹ lè mọ ibi tó ti gbá mi mú. Tí mo bá ti de nọ́ọ̀tì kan tán, tó ti le bó ṣe yẹ kó le, mo máa ń fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ìyàwó yín fi ń kun èékánná fa ìlà tín-ín-rín kan látorí nọ́ọ̀tì yẹn wá sára irin tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tí nọ́ọ̀tì bá wá yí, bó ti wù kó kéré tó, ìlà yẹn á já sí méjì, màá sì rí i. Gbogbo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló mọ̀ ọ́n. Àbúrò wa náà mọ̀ ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ, ọdún kan ló lò lọ́dọ̀ mi kó tó ní irun lòun fẹ́ máa gẹ.

Ó dáa. Awo irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì Ẹfọ̀n, òun ló ń pàṣẹ ìgbà tí iná á ṣẹ́. Nọ́ọ̀tì méjì ló dè é mú. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ máa gbá kíìkì títí orúnkún yín á fi wú, kò ní dáhùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo gbé e síbi tó yẹ, mo dè é, mo fa ìlà, mo gbá kíìkì lẹ́ẹ̀kan, Ẹfọ̀n dáhùn. Àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ ọ, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò tijú àtisọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì àbúrò wa wá bá mi nu àpótí, bó ṣe máa ń wá lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, Ẹfọ̀n ti yadi. Mo wo ìlà mi, kò já. Mo tú u, mo tún un ṣe, ó dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Lọ́sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ńkọ́? Bákan náà ni, ìlà ò já.

Ṣé ẹ rí ohun tó túmọ̀ sí? Tí ìlà ò bá já, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó dè é ni kò dè é dáadáa. Ta ló dè é? Èmi. Èmi tí ọwọ́ mi máa ń gbọ́ irin bí etí ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ní, háà, ó ti tán, ọpọlọ mi ti ń jò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo nǹkan. Mo máa ń padà lọ wo gáàsì lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó sùn. Mi ò wa ọkọ̀ mọ́. Mo lọ bá dókítà tó ń wo ọpọlọ láìsọ fún ìyàwó mi, ó ní kí n kà láti orí ọgọ́rùn-ún wá sẹ́yìn, ó ní kí n ya aago sórí ìwé, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo yà á.

Ọmọ ọmọ mi ńkọ́? Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin mi gbé e wá, kò tíì pé oṣù kan nígbà náà. Ó nà án sí mi. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ní ọ́ìlì wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ọ́ìlì kankan lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun de nọ́ọ̀tì, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó gbé ọmọ tuntun? Tó bá já bọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ọmọ yẹn ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, wọ́n ní ó ti ń yí lórí ibùsùn, mi ò gbé e rí títí dòní.

Dókítà yẹn ló tú àṣírí, kò mọ̀ pé òun tú u. Ó ní òun ò rí nǹkan kan o, àmọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà mí, kí n máa fi fóònù ya àwòrán iṣẹ́ tí mo bá ti parí, kí n lè máa wò ó. Mo yà á lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ẹfọ̀n yadi, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì. Ìlà inú àwòrán tẹ̀ sí ọ̀tún. Ìlà ara nọ́ọ̀tì tẹ̀ sí òsì. Ta ni ọlọ́wọ́ òsì nínú ẹbí wa? Ó ti tú nọ́ọ̀tì mi, ó nu ìlà mi kúrò, ó sì fi ọwọ́ òsì ẹ̀ fa òmíràn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ló fi bò mí lójú.

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lánàá. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó pa ẹ̀rọ ìgẹrun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n rán mi ni." Ta ló rán ẹ? Ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá irun. Mo wá ronú ẹ̀ pé ta ló ni kútẹ́ẹ̀sì? Ta ló ń sọ pé ilé ń rùn fún epo? Mo dojú kọ ìyàwó yín láàárọ̀ yìí, gbogbo ohun tí ẹnu ọkọ ò yẹ kó sọ ni mo sọ. Ó ń sunkún, ó ń búra pé òun ò mọ nǹkan kan. Òun gan-an ni mo mú ẹjọ́ ẹ̀ wá. Ẹ pè é, ẹ bi í, torí mi ò lè gbé pẹ̀lú ẹni tó...

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ. Ẹ ní kí n má bínú tó báyìí, ẹ ní ṣebí ìdajì ìyípo péré ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ bí ó ṣe yí i tó. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò di sípánà mú rí láyé yín, ibo lẹ ti gbọ́ ìdajì ìyípo?

Háà. Ẹ̀yin ni.

Rárá, ẹ má sunkún, èmi ló kàn láti sunkún. Mo mọ̀ pé ọ̀nà ló pa ọkọ yín. Èmi ni mo lọ gbé òkú wọn, ẹ gbàgbé ni? Ẹ gbọ́ pé mo tún fẹ́ lọ etí òkun, ẹ̀rù bà yín. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Ká ní ẹ sọ pé, "Àbúrò mi, má lọ, mi ò lè sin ẹlòmíì," màá bá yín jà fún ọjọ́ mẹ́ta, màá sì gbọ́. Ìgbà wo ni mi ò gbọ́ tiyín rí? Ọjọ́ tí mi ò gbé ọmọ yẹn, ẹ pè mí sí kọ̀rọ̀, ẹ bi mí ohun tó ṣe mí. Mo sọ fún yín. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún, pé ọpọlọ mi ń lọ. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní ara ló ń dàgbà. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ sì jẹ́ kí n máa gbé e kiri.

Mi ò lọ etí òkun mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀, òkun ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi ò wá sílé mi láti ọ̀sẹ̀ méje. Ó ń sọ kiri pé bàbá òun ò fẹ́ràn ọmọ òun. Ẹ̀yin lẹ máa fi ẹnu ara yín sọ fún un ìdí tí mi ò fi gbé e, lójú mi, lónìí, kí n tó gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa bá mi lọ bẹ ìyàwó yín, torí ẹ̀ṣẹ̀ ìyẹn ti di tiwa méjèèjì.

Ọkọ̀ wo? Ẹ ò ní wọ ọkọ̀. Kí lẹ rò pé mo gùn wá síbí? Èmi nìkan ni mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé mọ́ ara mi láàárọ̀ yìí, tí mo de nọ́ọ̀tì méjèèjì, tí mo sì gbá kíìkì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ wò ó dáadáa, ṣé ó ń gbọ̀n? Akoto kejì wà lórí ìjókòó. Ẹ wọ bàtà yín, ẹ jáde wá, kí ẹ di ẹ̀yìn mi mú.