Ẹni Tó Ro Ìkókoré Mujeebat

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tún fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. Èmi Afusat, tí ẹ máa ń pè ní Auntie Onírẹsì ní gbọ̀ngàn wa tó wà lẹ́yìn Nathan Way, èmi ni mo ba oúnjẹ Mujeebat jẹ́ níbi àjọ̀dún ìtàn àwa èèyàn dúdú, ní October ọdún méjì sẹ́yìn. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ní kí Ayọ̀nitèmi, olórí ètò wa, ka ìwé yìí sétí gbogbo yín, kó má sì tún un ṣe. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Tó bá tún un ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ mi á jọ nǹkan iyì.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà ní Thamesmead, ní London níbí. Ní gbogbo October, èmi ni mò ń se ìrẹsì, èmi ni mò ń fọ ìkòkò, èmi ni mò ń gbálẹ̀ tí àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí pèpéle bá ti wọ bọ́ọ̀sì lọ. Kò sẹ́ni tó gbé máíkì sí mi lẹ́nu rí. Mujeebat dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tíì lo ọdún mẹ́jọ níbí, ni Ayọ̀nitèmi bá ní Mujeebat ló máa se ìkókoré lójú gbogbo èèyàn, tí á máa ṣàlàyé bí àwọn ìyá wa ṣe ń sè é. Wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Abbey Wood. Ojoojúmọ́ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi ló ń fi ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ kan, mo fi èékánná bó igun kan lára rẹ̀. Èékánná ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀bú lè má mọ̀: ewùrà tí wọ́n rin ni wọ́n fi ń se ìkókoré. Wọ́n á máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, wọ́n á sì dé e. Kò gbọdọ̀ kan ṣíbí títí á fi jinná. Ẹni tó bá ro ó kó tó dì, gbogbo rẹ̀ á yọ́, á di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Daddy Adégbóyè, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, fi ọ̀pá tilẹ̀ wá láti Woolwich nítorí ìkókoré nìkan. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, mi ò tíì jẹ ojúlówó rẹ̀."

Nígbà tí ìrun Àlàásárì tó, Mujeebat ti dé ìkòkò. Bí àwa méjèèjì ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: ẹnì kan á kírun, ẹnì kan á wo iná. Ó ní, "Auntie mi, ẹ bá mi wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro ó o." Mo ní, "Ta ni yóò ro ó? Lọ kírun, jàre." Bó ṣe wọ yàrá kejì, tí àwọn èèyàn sì ti jáde síta lọ sinmi díẹ̀, ni mo ṣí ìdérí. Ìkókoré náà ń dì, ó ń dára. Inú bí mi pé ó ń dára. Mo ti ṣíbí onígi bọ̀ ọ́, mo ro ó. Mo dúró díẹ̀, mo tún ro ó. Mo dé e padà, mo nu ṣíbí. Nígbà tí Mujeebat dé, mo lọ fi ọwọ́ yẹn ṣe àlùwàlá.

Nígbà tó ṣí ìkòkò lójú gbogbo èèyàn, ojú rẹ̀ yí padà. Daddy Adégbóyè wo abọ́ tiwọn, wọ́n ní, "Kí lèyí? Ògì ni àbí sìmẹ́ńtì?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Waheedah, ọmọ Mujeebat, tó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti iléèwé, fa aṣọ ìyá rẹ̀: "Mummy, o disgrace mi!" Baba tún ní, "Mujeebat, ṣé o ro ó ni?" Ó ní, "Rárá o, Daddy! Ẹ bi Auntie Afusat, àwọn ni wọ́n wà níbẹ̀." Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ló burú jù. Títí di ìgbà náà, ìkòkò nìkan ni mo bà jẹ́. Mo ní, "Ó ro ó. Mo rí i." Kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì, torí gbogbo yín mọ̀ mí sí ẹni tí kì í fi epo bọ iyọ̀. Mujeebat wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ní August tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Mujeebat ló ń ti ibi iṣẹ́ wá, tòun taṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń fọ ẹ̀yìn mi bí mo ṣe máa ń fọ tàwọn arúgbó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó ní, "Auntie mi, Ayọ̀nitèmi tún bẹ̀ mí pé kí n wá se ìkókoré, mo ní mi ò ṣe. Láti ọjọ́ yẹn mi ò tíì rin ewùrà. Waheedah gan-an kì í gbé oúnjẹ wa lọ síléèwé mọ́." Mo ní, "Gbàgbé ẹ̀." Ó ní, "Mi ò lè gbàgbé. Mo máa ń bi ara mi pé ìgbà wo ni mo ro ó. Mi ò rántí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin rí i, ẹ̀yin kì í sì í parọ́. Àbí orí mi ló fẹ́ máa dàrú?" Kànìnkàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní fọ ẹ̀yìn mi tán. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Mo lè sọ fún un níkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́. Daddy Adégbóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo gba ìkókoré ìyá yín lẹ́nu yín. Mujeebat, o lè má dárí jì mí lónìí. Mo kàn bẹ̀ ọ́ pé kó o tún rin ewùrà. Ọwọ́ rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe gba ẹnì kan gbọ́ torí pé kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Èmi ò mọ̀ ọ́n sọ, mo sì parọ́. Waheedah, ọmọ mi, yíjú sí ìyá rẹ. Kò ro ó.